Àwo orin tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin ńkọ́?

Alárìyá Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, owó tó bá ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé, àwo orin ni mo fi ń rà. Kì í ṣe orin orí fóònù ni mò ń wí o. Àwo gan-an ni, dúdú roboto, tó ní páálí, tó ní àwòrán olórin níwájú àti orúkọ àwọn orin lẹ́yìn. Mo ti kó díẹ̀ jọ báyìí, mo sì fẹ́ sọ èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù nínú wọn, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Hárúnà Ìṣọ̀lá ni mo fi ṣíwájú. Òròkí Social Club, ọdún 1971. Gbogbo wa la mọ orin yẹn. Wọ́n ń lù ú níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń lù ú níbi òkú àgbà, àwọn awakọ̀ ń lù ú lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló ti gbọ́ ojú àwo yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ibì kankan? Ègé tí wọ́n gé ni èmi ń gbọ́ látẹ̀yìnwá. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lódindi, ó dà bíi pé n kò gbọ́ ọ rí.

Àgídìgbo ló gbé e ró. Kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí fèrè òyìnbó. Hárúnà kò jẹ́ kí wọ́n wọ inú àpàlà òun. Àgídìgbo ń dún nísàlẹ̀, kò yára, kò sì falẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń bá a lọ, àkúbà ń dá sí i, ìyá ìlù sì ń fọhùn lórí gbogbo wọn. Hárúnà fúnra rẹ̀ kì í pariwo. Ohùn àgbàlagbà tó mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun ni. Á sọ gbólóhùn kan, àwọn elégbè á gbà á, á dákẹ́ díẹ̀ kí ìlù lè parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, lẹ́yìn náà á padà wá. Bí wọ́n bá gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni adùn wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ sọ níbí nìyẹn. Ojú kan àwo ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, àwọn bàbá wa sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Orin kan á wọ inú èkejì láìdúró, ìlù á yí padà lójijì, oríkì ẹnì kan á di òwe, òwe á di ìmọ̀ràn, ìmọ̀ràn á tún di ijó. Odindi ojú àwo ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ẹni tó bá mú díẹ̀ nínú rẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Èyí ló mú kí n mọ̀ọ́mọ̀ ra àwo Sunny Adé méjì pa pọ̀. Ọ̀kan ni The Message tó ṣe nílé lọ́dún 1981 lábẹ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Sunny Alade Records. Èkejì ni Juju Music tí ilé iṣẹ́ Island gbé jáde fún gbogbo àgbáyé lọ́dún 1982. Martin Meissonnier, ará Faransé, ló bójú tó ti Island. Orin méje ni wọ́n pín in sí, olúkúlùkù ní àkọlé tirẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní ni, mi ò ní purọ́. Ẹ gbọ́ gìtá Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù, èyí tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, bó ṣe ń fa ohùn gùn títí tí ara èèyàn á fi wálẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú èyí tó ṣe nílé, ti Island dà bí oúnjẹ tí wọ́n bù fún àlejò tó ń kánjú. Ti ilé ni àwọn gìtá ti ń ráyè bára wọn takurọ̀sọ, tí onígángan ń bú sí i, tí Sunny á sì dákẹ́ fún wọn, nítorí ó mọ̀ pé àwọn tó ń jó kò tíì fẹ́ jókòó.

Ẹ̀kẹta ni Horizon Unlimited ti àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ọdún 1979 ló kọ́kọ́ jáde. Ilé iṣẹ́ Numero Group ní Chicago ló tún un tẹ̀ lọ́dún 2024, èyí tí wọ́n tún tẹ̀ yẹn ni mo rà. Kẹ́hìndé ti dolóògbé lọ́dún 2019, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ohùn àwọn méjèèjì rìn pọ̀ débi pé èèyàn ò ní mọ ibi tí ti ọ̀kan parí sí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Erora kẹ́ ẹ tó bá mi jiyàn. Àwọn obìnrin méjì tó kọ orin tiwọn, tí wọ́n kọrin ìfẹ́, tí wọ́n sì tún kojú ìjọba, láyé tó jẹ́ pé ọkùnrin ló ń darí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹgbẹ́ olórin tó wà nígboro.

Ẹ̀kẹrin, Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá l'Ẹ́gbàá. Àwo yìí ti gbó. Páálí rẹ̀ ti ya létí, ẹnì kan sì ti fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe yá a fún ẹnikẹ́ni, ó wá fa ìlà méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo mọ ohun tó fà á. Ìgbà tí gòjé bá bẹ̀rẹ̀, okùn kan ṣoṣo yẹn, tó ń bá ohùn bàbá náà rìn tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀, tí sákárà ń ta wíríwírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ ó rí i pé kò yẹ ní yíyá lóòótọ́.

Mo tún ra Board Members ti Olóyè Ebenezer Obey, ti ọdún 1972, àti ọ̀kan tí Bàtílì Àlàkẹ́ kọ wákà sí. Mo gbádùn wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn ni ọkàn mi wà lára wọn. Ẹ̀yin ńkọ́?

---

Kọ́lá Fújì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi kì í ra àwo, kásẹ́ẹ̀tì ni tèmi, ó sì yá mi lórí láti sọ bẹ́ẹ̀. Fuji Garbage ti Alhaji Síkírù Àyìndé Barrister, ti ọdún 1988, ni mo rí rà lọ́dún tó kọjá lọ́wọ́ bàbá kan tó ń kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ palẹ̀. Ìwé inú rẹ̀ ṣì wà, kò tilẹ̀ ṣá.

Ohun tí ẹ sọ nípa odindi ojú àwo yẹn, inú fújì ni ó ti hàn jù. Inú wéré ni Barrister ti wá, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn mùsùlùmí kí wọ́n lè jẹ sààrì nínú oṣù Ramadan. Ẹni tó ń kọ wéré ń rìn láti ojúlé dé ojúlé ni. Kò lè dúró, nítorí pé ilé kan wà níwájú tí wọn ò tíì jí. Ìrìn yẹn ló wà nínú fújì títí dòní. Bí Barrister bá ti mú un, kò sí àyè láti pín in sí orin kìíní, orin kejì. Àdúrà wà níbẹ̀, àpárá wà níbẹ̀, ìmọ̀ràn wà níbẹ̀, ìlù á sì máa gbóná sí i. Ẹ fetí sí bó ṣe máa ń gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ bọ́ sínú orin mìíràn: ohùn kan ṣoṣo ló máa gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kẹ́ ẹ tó mọ̀, àwọn onílù ti tẹ̀lé e lọ síbòmíràn.

Mo tún ra Talazo '84 ti K1, Wàsíù Àyìndé. Ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí nígbà náà, ẹ ó gbọ́ ebi nínú ohùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ta ló ti gbọ́ Fuji ti Adekunle Gold, èyí tó jáde ní October 2025? Ìlù ibẹ̀ kì í ṣe ìlù fújì tí mo mọ̀, mo sì rò pé òun náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò mi gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n wá bá mi pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fún wa ní Barrister." Ìyẹn nìkan ti tó fún mi láti gbé òṣùbà fún un.

---

Bísí Ìlọrin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti gbìyànjú láti gbọ́ àwọn àwo àtijọ́ yìí lódindi bẹ́ ẹ ṣe wí. Ìlù dùn, ohùn dùn. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn olówó ló ń lé mi kúrò nídìí rẹ̀. Lágbájá ọmọ lágbájá, ọkọ Tàmẹ̀dùn, bàbá Làkáṣègbè, àní títí ojú àwo yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mi ò mọ̀ wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Owó ni wọ́n san kí wọ́n lè dárúkọ wọn. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Àwo tí èmi fẹ́ràn jù ni Mr. Money With The Vibe ti Asake. Ọdún 2022 ló jáde, àmọ́ lọ́dún tó kọjá ni mo tó ra gbogbo rẹ̀ dípò kí n máa gbọ́ orin kan méjì. Orin 12, kò sì ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kò dárúkọ olówó kankan tí mi ò mọ̀. Ó sì dùn.

---

Alárìyá Mọ́kọ́lá

Bísí, kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá. Màá jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ti orúkọ, torí mo mọ ẹni tó ń bọ̀ wá dáhùn. Ṣùgbọ́n ti Asake, ìwọ náà ti wà lọ́dọ̀ wa láìmọ̀. Gbọ́ ọ láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn láìdá a dúró. Orin kan ń ti èkejì lẹ́yìn, àwọn elégbè rọ́ wọlé bí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbè lójú agbo, ìgbà tó o bá sì fi máa mọ̀, ó ti parí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, ojú kan kásẹ́ẹ̀tì Kọ́lá ni o.

---

Bàbá Àpàlà

Bísí ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára, mo sì fẹ́ dá ọ lóhùn tọkàntọkàn.

Òótọ́ ni, owó wà níbẹ̀. Olórin ní láti jẹun, onílù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní aya, wọ́n ní ọmọ. Ṣùgbọ́n wo àwọn tí wọ́n ń dárúkọ. Kì í ṣe ọba àti ìjòyè nìkan. Ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni. Ẹni tó ń ra kòkó ní ìgbèríko ni. Ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà ni, tó fi owó aṣọ rán ọmọ nílé ìwé. Ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ni, tí àwọn ọkùnrin kóra jọ sí láti máa ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀. Ìwé wo ló kọ ìtàn àwọn wọ̀nyẹn? Ìwé ìròyìn wo ló ya àwòrán wọn? Hárúnà ló kọ ọ́. Obey ló kọ ọ́. Board Members tí Alárìyá rà yẹn, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ àti alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ àwọn tó di èèyàn ńlá ní Èkó lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àdúgbò mi ni mo wà lọ́jọ́ kan tí wọ́n lu àwo àpàlà kan, ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ilé wa sì dìde. Wọ́n ti dárúkọ bàbá rẹ̀. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ nìkan, wọ́n dárúkọ ìyá bàbá rẹ̀, wọ́n sì kì í lóríkì ilé wọn. Ó ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ padà. Wọ́n dá a padà. Ó ní kí wọ́n tún dá a padà. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò mọ orúkọ ìyá bàbá rẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn.

Yàtọ̀ sí orúkọ èèyàn, ìròyìn ìlú wà lórí àwo. Lọ́dún 1976 tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, Sàláwà Àbẹ̀ní, ọmọdébìnrin ni nígbà náà, fi wákà ṣe àwo nípa rẹ̀, àwo yẹn ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lọ́dún kan náà tí ìjọba ní kí gbogbo wa lọ dáko, Obey kọ Operation Feed the Nation. Bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn fún ìlú ni wọ́n ṣe rí.

Tèmi lọ́dún tó kọjá: Àyìnlá Ọmọwúrà ni mo ń wá kiri. Láti ìgbà tí fíìmù Àyìnlá ti Túndé Kèlání jáde lọ́dún 2021, àwọn àwo rẹ̀ ti wọ́n, kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Mo rí méjì, ti ilé iṣẹ́ EMI ni méjèèjì. Ọmọ Ìtòkò l'Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mú. Àpàlà Hárúnà ń rọra rìn, ti Àyìnlá ń sáré, ó ń jà, ó ń fẹ́ràn, gbogbo rẹ̀ lójú kan àwo. Wọ́n pa á ní 6 May 1980 níbi ìjà ilé ọtí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ohùn yẹn, ó ń dùn mí.

---

Àyàn Ọmọ Onílù

Bàbá, ẹ ṣeun. Kí n fi tiwa kún un, àwa tí wọ́n bí sínú ìlù.

Gbogbo orúkọ olówó wà lórí àwo, ṣùgbọ́n ẹ yí páálí yẹn padà kẹ́ ẹ wá orúkọ onílù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò ní rí i. Ẹ̀rọ ayélujára tún wá bà á jẹ́ pátápátá: wọ́n á gbé orin sórí ẹ̀rọ, wọ́n á kọ ọdún tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ sí i bí ẹni pé ọdún yẹn ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n á sọ ojú àwo odindi ní "Medley", ó parí. Ta ló lù ú? Ta ló gbè é? Kò sí.

Bẹ́ẹ̀, kò sí Àyìnlá láìsí Adéwọlé Oníluọlá. Ẹ tún gbọ́ àwọn àwo Àyìnlá yẹn, kẹ́ ẹ má tẹ̀lé ohùn rẹ̀. Ìlù nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Ẹ ó rí i pé ìlù máa ń sọ ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́, tàbí kó dá a lóhùn, tàbí kó já a ní koóko ibi tó ń lọ. Ìjíròrò láàárín èèyàn méjì ni. Bákan náà ni Rasaki Aládòkun lẹ́yìn Sunny Adé. Ìgbà tí wọ́n bá gé orin kúrú fún rédíò, ẹnu onílù ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa dé, torí pé ẹni tó ń gé e kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, ariwo lásán ló kà á sí.

Tèmi lọ́dún tó kọjá: mo ra ẹ̀dà Juju Music nítorí pé orúkọ àwọn onílù wà lórí rẹ̀. Òyìnbó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ létòlétò. Alárìyá lè sọ ohun tó bá fẹ́ nípa ti Island, ní ti èyí, wọ́n ṣe dáadáa.

---

Alárìyá Mọ́kọ́lá

Àyàn, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ti orúkọ. Lórí ti gígùn orin, n kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi.

---

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin èèyàn ilé. Láti London ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ ti mú orí mi wú. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí, kásẹ́ẹ̀tì ni a fi ń pa àárò ilé. Àwọn tó ń ta gaàrí àti ẹ̀jà gbígbẹ ni wọ́n tún ń ta orin, lórí káńtà kan náà, ẹ ó gbọ́ òórùn ẹ̀jà lára Obey.

Ìbejì ni mo bí, ẹ máa mọ̀ pé ohun ìbejì ni mo máa rà. Yàtọ̀ sí àwọn Lijadu, mo ra Ibeyi lọ́dún tó kọjá, àwo tí wọ́n fi orúkọ ara wọn pè, ti ọdún 2015. Ìbejì ni àwọn náà, Lisa-Kaindé àti Naomi Díaz. Ọmọ Kúbà ni bàbá wọn, Angá Díaz, tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ olórin Kúbà, Buena Vista Social Club. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dàgbà. Àwo yẹn, Ẹlẹ́gbára ni wọ́n fi ṣí i. Orin kan wà fún Ọya. Èdè Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ni èyí tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kúbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n tọ́jú sínú orin òrìṣà títí dòní. Ohùn ọ̀rọ̀ ti yí padà, àwọn míì n kò gbọ́ wọn yé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ Ọya kedere nínú yàrá mi, mo sì jókòó. Àwọn ọmọ mi tí kì í fẹ́ bá mi sọ Yorùbá béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn pé ta ni Ọya. A jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn títí oúnjẹ fi tutù.

Bísí, bàbá ti sọ ti orúkọ olówó. Orúkọ ni àwọn ará Kúbà náà fi pa ara wọn mọ́. Orin tó dárúkọ kì í jẹ́ kí èèyàn sọnù.

---

Ọmọ Kétu

Ẹ káàárọ̀ láti Bẹ̀nẹ̀. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ayé ti Angélique Kidjo, ti ọdún 1994, ni tèmi. Wídà ni wọ́n ti bí i, Fọ̀n ni bàbá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń kọ èdè méjèèjì. Bí ẹ bá wà ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ, ẹ ó tún gbọ́ Yusuf Ọlátúnjí lójúlé kejì. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà kò dé ọ̀dọ̀ orin.

---

Bísí Ìlọrin

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, Bàbá Àpàlà, ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Ọ̀rọ̀ ìyá tó ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ padà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ó mú kí n lọ bá ìyá mi pé ibo ni àwọn àwo bàbá àgbà wà. Ó ní wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú páálí. Mo fà wọ́n jáde lánàá. Wọ́n tò wọ́n lé ara wọn ni, èéfín àti eruku ti bò wọ́n. Àwọn kan fẹ́lẹ́, àwọn kan nípọn, wọ́n sì wúwo. Èyí tó wúwo kan ti là sí méjì. Mi ò fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú wọn?

---

Alárìyá Mọ́kọ́lá

Bísí! Ọlọ́run ló ràn ọ́ níṣẹ́. Jọ̀ọ́, farabalẹ̀ ka èyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, má tún tò wọ́n lé ara wọn mọ́. Nà wọ́n ró bí ìwé inú àpótí, kí wọ́n má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Má gbé wọn síbi tí oòrùn ti ń wọlé, torí ooru á tẹ̀ wọ́n, àwo tó bá sì ti tẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa fò lórí rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́lẹ́ ni àwo tó ń yí nígbà 33 tàbí 45 ní ìṣẹ́jú kan. O lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ àti ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan fọ ìwọ̀nyẹn, pẹ̀lú aṣọ tó rọ̀ gan-an. Tẹ̀lé ìlà rẹ̀ yípo, má nù ún ní ìdábùú. Má jẹ́ kí omi kan bébà tó wà láàárín rẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú oòrùn o.

Àwọn tó wúwo ni kó o ṣọ́ra fún jù. Ó dájú pé 78 ni wọ́n, àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe ike ni wọ́n fi ṣe wọ́n, oje tí kòkòrò kan ń pọ̀ sára igi ni wọ́n pò mọ́ nǹkan míì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń là bí àwo tánganran. Má ṣe fi spirit nù wọ́n, ó máa yọ́ ojú wọn ni. Má sì ṣe gbé wọn sórí ẹ̀rọ ìsinsìnyí kó o wá fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ kàn wọ́n. Ìlà 78 fẹ̀ ju ti àwo òde òní lọ. Abẹ́rẹ́ kékeré yẹn á rì sí ìsàlẹ̀ ìlà, á máa ha á, ariwo lo máa gbọ́ dípò orin. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Kí ló wà lára bébà àárín wọn? Kà á fún wa.

---

Bísí Ìlọrin

Ẹ ṣeun, sà. Mo ti nà wọ́n ró báyìí. Nínú àwọn tó fẹ́lẹ́, Hárúnà pọ̀, Obey wà, I.K. Dáíró wà. Nínú àwọn tó wúwo, ọ̀kan ní àwòrán ajá tó ń tẹ́tí sí giramófóònù. Lẹ́tà rẹ̀ ti ń parẹ́, ṣùgbọ́n mo rí "Ayinde Bakare" níbẹ̀. Òun kò là.

---

Bàbá Àpàlà

Háà! Àyìndé Bákàrè! Ajá yẹn, His Master's Voice ni. Ọmọ mi, jùjú tó ti pẹ́ nìyẹn, ṣáájú Obey, ṣáájú Sunny. Bákàrè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi gìtá oníná sínú jùjú, lọ́dún 1949. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rà á lọ́wọ́ rẹ o. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ti fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

---

Àyàn Ọmọ Onílù

Bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n kọ orúkọ onígángan. Mo mọ̀ pé wọn ò kọ ọ́, ṣùgbọ́n bá mi wò ó.

---

Bísí Ìlọrin

Mo ti wò ó, sà. Kò sí. Nọ́ńbà àti orúkọ orin nìkan ni.

Mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ta ló ní ẹ̀rọ tó ń lu 78 nítòsí Ìlọrin? Mo lè gbé e wá fúnra mi. Ìyá mi ní òun máa bá mi wá.

---

Kọ́lá Fújì

Bísí, bàbá tó ta kásẹ́ẹ̀tì Barrister fún mi yẹn ní ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, abẹ́rẹ́ tuntun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fà ló wà báyìí, kò jìnnà sí yín. Màá bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní, màá sì mú fóònù tó gba ohùn dáadáa dání. Àyàn, ìwọ náà máa bọ̀, kó o lè sọ ohun tí ìlù ń wí fún wa.